Mutuba Tó Wà Nínú Ọgbà Ìyá Nantume

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwa ayàwòrán bá péjọ sábẹ́ àtíbàbà páànù wa ní Entebbe láti bá ara wa tún iṣẹ́ ṣe, ẹ̀pà ni mo máa ń jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀ kì í dá sí ọ̀rọ̀. Òfin ẹgbẹ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí o tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán ẹnìkejì, kọ́kọ́ yin nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ssentongo ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ Sátidé ni ó fẹ́ lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Nantume ní Mpigi, ọgbà ìyá Nantume ni ó sì yà láti fi ṣe ẹ̀bùn. Kalibbala, àgbà ẹgbẹ́, tí ó ti ń ya igi láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wọn ti wà ní irúgbìn, káwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó títí.

"Férémù yìí dára."

"Ẹ̀gbọ́n, káfíńtà ló kan férémù."

"Bá mi kí i. Mo ti yìn, òfin ti pé. Ta ló ni ọgbà tó kún fún koríko báyìí?"

"Ìyá Nantume ni. Bàbá wọn ló fi sílẹ̀ fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà. Nantume ní kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó o."

"O wá kó koríko sí i. Lọ́jọ́ tó o fẹ́ tọrọ ọmọ wọn, o fẹ́ sọ lójú ẹbí pé wọn ò lè roko."

"Òjìji ni, ẹ̀gbọ́n."

"Òjìji tó ní ewé?"

Ssentongo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà tó pọ́n bí ilẹ̀, ó roko náà tán.

"Ó kù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so yìí, ọ̀pá wo lo fi tì í? Pẹ̀lú bó ṣe wúwo tó yẹn, á ti wó kí Sátidé tó dé."

"Inú àwòrán ló wà. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀."

"Ọlọ́gbà ló máa wò ó, kì í ṣe atẹ́gùn."

Ssentongo fi ọ̀pá tì í.

"Ó ku ìbéèrè kékeré kan. Ibo lo dúró sí tó o fi yà á?"

"Ojú títì."

"Ojú títì lo wà tó o fi rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná?"

"Nantume ló júwe ẹ̀ fún mi."

"Ó júwe àkísà tí wọ́n fi dí ihò ilẹ̀kùn náà? Àbúrò, wo ibi tí oòrùn wà. Ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀yìn igi kọfí lo wà, ò ń dúró de ọmọ ọlọ́mọ."

Ssentongo ń nu búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́.

"Kí wá ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi píà?"

"Òkúta ni."

"Òkúta tó wérí?"

Ssentongo jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kàn jáde lójijì ni. Mo ti yà wọ́n tán kí n tó rántí."

"Kó o tó rántí. Ẹni tó jẹ́ pé bó o bá pàdé wọn lọ́nà, inú igbó ló yẹ kó o yà sí, kí ojú ẹ̀yin méjèèjì má baà pàdé. Ìwọ lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kọfí, ò ń wọn ìbàdí ìyá ìyàwó ẹ. Ní Sátidé, tí wọ́n bá ṣí aṣọ lórí àwòrán yìí, ilé ẹlòmíì ni Nantume máa lọ."

"Mi ò ní ẹ̀bùn mìíràn. Kí ni kí n ṣe?"

"Gbin nǹkan bò wọ́n."

Ssentongo po ọ̀dà ewéko, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Ìbàdí yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. O fẹ̀ ẹ́ jù. Àti pé ẹ̀ka méjì ni píà yẹn ní. Ìkẹta ti ṣẹ́."

"Ìgbà wo ló ṣẹ́?"

"Ṣé èèyàn ò lè gun igi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ dé Mpigi?"

"Èmi? N ò débẹ̀ rí. Àwòrán ni mo mọ̀. Kọfí ò sì dáa fún ìdúró, ìjàlọ pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Ẹ̀yìn igi mutuba ló dáa, ajá ò lè gbóòórùn èèyàn níbẹ̀."

"Kò sí mutuba nínú ọgbà yẹn."

Kalibbala yíjú sí i. "Wọ́n gé e?"

"Kùkùté kan wà níbẹ̀. Ó ti jẹrà."

"Igi tí wọ́n ń bó èèpo ẹ̀ ṣe aṣọ fún gbogbo agbolé. Wọ́n gé e." Ó na ọwọ́. "Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn wá."

Ó gé ẹ̀ka píà kan kúrò. Ó mú ìbàdí obìnrin náà kéré. Ó pa ìwérí rẹ̀ dà sí àwọ̀ ìyeyè, ó sì ta kókó rẹ̀ sókè etí òsì, kò wo ibì kankan. Nígbà tó tán, ó mú ọ̀dà ewéko, ó gbin mutuba ńlá kan, ó fi bo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún wọn ṣe tán kí ẹ lè bò wọ́n ni?"

"Iṣẹ́ tó dáa kì í hàn," ni Kalibbala wí. Orúnkún ń dùn ún, ó ní, òun kò ní lè bá wa lọ ní Sátidé.

Ní Sátidé, inú yàrá ni ìyá Nantume wà, nítorí àna rẹ̀ wà ní pálọ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà wọlé fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Nantume obìnrin ni ó jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Ó ní ó dára, ó ní a lè fún un lọ́mọ. Ohun kan ni ó fẹ́ mọ̀. Bàbá òun ti gé mutuba yẹn ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin yìí. Ó ní ta ló júwe ẹ̀ fún un?"

Bàbá Nantume sọ ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ssentongo wò mí.

Ẹ̀pà wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tí ẹnu yín ṣófo, kí ni ẹ̀ bá dáhùn?