Ọjọ́ Tí Igbín Dínà Mọ́ Baálẹ̀ Ìmọ̀rọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Ẹ má dáhùn o, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé arúgbó kan ló jókòó sábẹ́ igi, tó ronú títí, tí ọgbọ́n fi sọ sí i lórí. Irọ́ ni. Igbín ló bí òwe náà. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ìlú kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Ìmọ̀rọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló jáde níbẹ̀. Wọ́n ń gba ọ̀kan gbé obì lọ tà, wọ́n ń gba ọ̀kan gbé ata, àwọn tó ń hun ẹní ń gba ọ̀nà Ìlápò, ẹ̀kẹrin sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sí Àgọ́-Odò, ìlú ńlá tó wà lódìkejì odò. Kò sẹ́ni tó lówó jù ní Ìmọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tí ebi ń pa.

Ó wá di ọdún kan tí òjò pọ̀ jọjọ. Igbín jáde nínú igbó wọn bí ẹni pé wọ́n dà á sílẹ̀. Obìnrin alájàpá kan láti Àgọ́-Odò, Ṣíjúwọlá lorúkọ rẹ̀, ra apẹ̀rẹ̀ kan lọ. Nígbà tí yóò fi padà wá, ogún alárù ló tẹ̀ lé e.

"Gbogbo èyí tí ẹ bá ní ni kí ẹ kó wá," ó wí. "Àwọn èèyàn wa ti ya wèrè sí igbín yín."

Háà! Ta ló tún fẹ́ roko? Kí èèyàn tẹ̀ sórí ebè láti àárọ̀ nígbà tí ọjà ń fi àyà wọ́ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n gbé ọkọ́ sí àjà. Wọ́n sọ ọgbà igbín yí gbogbo ilé ká. Iṣu, Àgọ́-Odò ni wọ́n ti ń rà á. Iyọ̀, Àgọ́-Odò. Ata gan-an, tí àwọn fúnra wọn ń tà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, igbó ẹlẹ́gùn-ún ti bo ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó lọ sí Àgọ́-Odò nìkan ló ń dán.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ta kú: Ẹfúnwùnmí, ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀. Ó ń hun ẹní rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà Ìlápò, á gbé àdá, á máa ṣán igbó lọ bí ẹni tó ń lé òkété. Òun ló pọn Baálẹ̀ dàgbà, kì í fi oyè pè é.

"Láṣebìkan, bí àwọn ará Àgọ́-Odò bá jí lọ́jọ́ kan tí igbín ò wù wọ́n jẹ mọ́ ńkọ́?"

Baálẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ á máa mì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni igbín ò wù jẹ? Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọba Àgọ́-Odò wàjà. Wọ́n fi òmíràn jẹ, igbín sì ni èèwọ̀ ilé ìyá ọba tuntun. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ọjọ́ tó gorí oyè ló pàṣẹ pé igbín kò gbọdọ̀ wọ ìlú òun mọ́. Ṣíjúwọlá gan-an ló wá sọ fún wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Baálẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ ò ní obì? Ẹ ò ní ata? Ẹ ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè rà?"

Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "A ní igbín," ló dáhùn.

Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáyà. Ó ní èèwọ̀ tuntun kì í pẹ́ kó tó rọ̀, kí wọ́n ṣáà máa kó igbín jọ. Wọ́n ń kó o jọ. Ọgbà kún, ilé ìdáná kún, igbín ń sùn nínú odù aró. Iṣu tán, iyọ̀ tán, ata tán. Láàárọ̀, igbín bíbọ̀. Lọ́sàn-án, igbín sísun. Lálẹ́, èyí tó kù lọ́sàn-án. Ògúntóyè, olórí àwọn tó ń ṣa igbín, bú sẹ́kún lórí àwo, ó ní ẹran náà ń wo òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmú àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ọgbà wó. Igbín tú jáde, ebi ń pa àwọn náà. Wọ́n jẹ ewé òrùlé títí omi fi ń kán sí Baálẹ̀ nímú lórí ibùsùn. Nígbà tí ewé tán, wọ́n kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ́ ní ìlú, wọ́n sì wọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí odò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí omi ara wọn ń yọ̀ bọ̀rọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ wọ agbádá. "Èmi fúnra mi ni yóò lọ bẹ ọba náà."

Ògúntóyè àti àgbààgbà márùn-ún tẹ̀ lé e. Ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà ni Baálẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé. Ọ̀tún lọ. Òsì tẹ̀ lé e. Agbádá gba afẹ́fẹ́, Baálẹ̀ jókòó, ó sì ń lọ ní ìjókòó.

"Baálẹ̀, ẹ dúró!" Ògúntóyè kígbe.

"Bí mo bá lè dúró, ṣé màá máa lọ ni?"

Ògúntóyè sáré kí ó dì í mú, ìdí tirẹ̀ náà balẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ àgbà kan mú, àgbà náà di òmíràn mú, báyìí ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣe yọ̀ dé etí odò lápapọ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

Igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni afárá ibẹ̀. Igbín tò sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Baálẹ̀ gùn ún, ó bọ́ sómi. Ó tún gùn ún, ó tún bọ́ sómi. Wọ́n ní kí àwọn padà sílé, wọ́n gun òkè lẹ́sẹ̀ méjì, wọ́n yọ̀ padà lẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀gún ni, kò sì sẹ́ni tó mú àdá. Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí.

Lójijì ni igbó ń mì. Ẹkùn! Ògúntóyè fi Baálẹ̀ bo ara rẹ̀. Àdá ló kọ́kọ́ yọ, Ẹfúnwùnmí tẹ̀ lé e, iṣu lórí, iyọ̀ nínú ewé lọ́wọ́, ó ń bọ̀ láti Ìlápò, igbe wọn ló gbọ́ tó fi ṣán igbó yà síbẹ̀.

"Láṣebìkan! Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ọjà ni mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí o wá jókòó?"

Baálẹ̀ wo òkè lẹ́yìn, ó wo igi ọ̀pẹ níwájú, ó wo ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ẹfúnwùnmí sọ ẹrù kalẹ̀. Ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Baálẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín, ló bá di ẹkún, ló tún di ẹ̀rín.

"Ó dáa, dìde," Ẹfúnwùnmí wí. "Èkejì wà."

Ojú ọ̀nà tó ṣán ni wọ́n gbà délé. Nígbà tí Baálẹ̀ fi iṣu sísun kan iyọ̀ tó sì gbé e sẹ́nu, ó dijú, ó jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Gbogbo iṣu yòókù, ó ní kí wọ́n pín in fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú gbé àdá, wọ́n la ọ̀nà Ìlápò. Àwọn ará Ìlápò ra ẹní, wọ́n sì ra igbín náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Wọ́n fi iṣu àti irúgbìn ata pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Kí ọdún tó yípo, ọ̀nà obì ti là, ti ata náà ti là, Ṣíjúwọlá sì ti padà wá ra ata. Ọmọ tó ń sunkún lóru tẹ́lẹ̀ ti ń sùn.

Àwọn àgbà Ìlápò wá bi Baálẹ̀ pé báwo ni ìlú rẹ̀ ṣe gbọ́n tó báyìí. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Wọ́n mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, wọ́n sì ń pa á kiri títí di òní. Kò sẹ́ni tó bi í pé ibo ló jókòó sí nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ń wá ìdí òwe kiri. Ìdí tirẹ̀ kò jìnnà: ìdí Baálẹ̀ ni, tó yọ̀ láti orí òkè dé etí odò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.