Orúkọ Kúnlé Nìkan ni Git Mọ̀

Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jẹ́ kí n bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde nílé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí n tètè dúpẹ́, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, inú á tún máa bí mi.

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí olùkọ́ wa sọ lójú gbogbo kíláàsì pé òun ò rí iṣẹ́ kankan tí mo ṣe.

Méjì méjì ló pín wa, ó wá fi èmi àti Kúnlé sójú kan. Áàpù tó máa ń sọ mọ́tò tí èèyàn máa wọ̀ láti Ìkọ̀tún la kọ. Olùkọ́ ní dandan ni ká lo Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ibẹ̀ lòun á ti fún kálukú ní máàkì.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgándò la ti ń ṣe é, nítorí sólà wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà Kúnlé la wá jọ ń lò. A jọ ń lò ó kẹ̀? Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́! Kúnlé á nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ gúgúrú, á tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí mo fẹ́ràn àdúrà:

"Ìyá Àdúrà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọ̀run ń wò yín."

Ọ̀run ń wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni Git ń kọ sílẹ̀ ní tiẹ̀, n ò sì ronú kan ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi iṣẹ́ hàn, olùkọ́ ṣí i. Kúnlé, Kúnlé, Kúnlé, látòkè délẹ̀.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ẹ̀yin èèyàn, Kúnlé dìde, ó tẹríba bí ọkọ ìyàwó!

Mo fò dìde: "Sà, èmi ni mo kọ ọ́!"

"Orúkọ rẹ dà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní tóun ò bá rí orúkọ mi níbẹ̀ dọ̀la, òdo ni, màá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Òdo! Èmi! Inú bí mi débi pé n ò gbàdúrà kí n tó yá kọ̀ǹpútà akọ̀wé ìjọ. Mo fi orúkọ sí Git dáadáa: orúkọ àbísọ, orúkọ ìrìbọmi, orúkọ bàbá. Mo ṣe àtúnṣe kan, mo fi ránṣẹ́. N ò dán an wò.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ béèrè ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá. Áàpù ní kó wọ mọ́tò Ìjẹ̀gùn. Ó béèrè Gowon Estate. Ìjẹ̀gùn. Ibi yòówù kó béèrè, Ìjẹ̀gùn ṣáá ni.

"Ta ló ba èyí jẹ́?" Ó wo Git. Orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn yòò lókè. "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti wá rí ẹ báyìí."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó bá kọjú sí Kúnlé: "Ìwọ tó kọ ọ́, ó yá, tún un ṣe."

Kúnlé wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Ìyá Àdúrà, jọ̀ọ́, ibo ló wà?"

Kíláàsì dàrú. Mo kọjá níwájú rẹ̀, mo tún un ṣe lójú wọn, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ gbé máàkì fún mi, ó yọ díẹ̀ níbẹ̀ torí Ìjẹ̀gùn. Kúnlé gba ìwọ̀n tó lè ṣàlàyé, kò sì pọ̀ rárá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó tẹ ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, màá kọ́kọ́ fi orúkọ mi síbẹ̀, màá sì dán iṣẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Inú ṣì ń bí mi sí Kúnlé. Àmọ́ tí mo bá rántí pé mo fẹ́ kó gbogbo ará Ìkọ̀tún lọ sí Ìjẹ̀gùn, ẹ̀rín á pa mí.

Ìwọ tó ka èyí, Olúwa ò ní jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíì. Àmín.