Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ti Benin Wá sí Benin

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni Ọláyọdé gbé báàgì rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Bọ́lánlé, ní ẹ̀bá Ekenwan Road, ó ń wá yàrá. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ti kún, orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn, pásítọ̀ sì ti fi ọgbọ́n sọ fún un pé ẹgbẹ́ obìnrin fẹ́ lo bẹ́ǹṣì wọn. Màmá jókòó ti àtẹ, ó ń ṣa àpọ̀n, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ogbono. Lẹ́yìn ògiri, jẹnẹrétọ̀ Osaro aládùúgbò ń bú ramúramù.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Wọ́n ní ẹ ní yàrá kan tó ṣófo."

"Ó wà. Ṣùgbọ́n mi ò kì í fún ẹni tí mi ò mọ̀ ní yàrá. Níbo lo ti wá?"

"Benin ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé Benin la wà. Kí o tó dé ibí, níbo lo wà?"

"Benin."

Màmá rọra gbé àtẹ kúrò lórí ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, fara balẹ̀. O kúrò níbì kan kí o tó dé Benin, àbí o ò kúrò?"

"Mo kúrò ní Benin."

"O wá dé ibo?"

"Benin."

"Ṣé ara ẹ yá?"

"Ìrìn àjò ló rẹ̀ mí, Màmá. Odindi ọjọ́ méjì ni mo lò lójú ọ̀nà."

"Láti Benin sí Benin! Kẹ̀kẹ́ wo lo wọ̀?"

Ọláyọdé nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wá yé e pé orílẹ̀-èdè òun àti ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó rò pé tí òun bá ti dárúkọ ìlú òun gan-an, ọ̀rọ̀ á yanjú.

"Kétu ni mo ti wá, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ Èkó ni ẹ́. Àbúrò mi kan ń gbé ní Kétu, nítòsí Mile 12."

"Kì í ṣe Kétu ti Èkó. Kétu ti Benin."

"Kò sí Kétu ní Benin. Mo mọ ìlú yìí láti New Benin títí dé ẹ̀yìn bárékè àwọn sójà. Kétu kankan ò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yìn bọ́dà ló wà."

"Bọ́dà wo ló wà láàárín Benin àti Benin?"

"Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ni mí!" Ó pariwo rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè borí jẹnẹrétọ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́?" Màmá wo báàgì rẹ̀ tìfura-tìfura. "Ṣé inú ìyẹn ló wà? Má ṣí i o. Mi ò gba ẹranko sílé mi."

"Kò sí ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀! Ìwé ni mo wá kà. Mo fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé."

"Ìyẹn dáa. Nípa kí ni?"

"Ìtàn."

Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lásìkò yẹn gan-an, ó sì gbé ohùn ọ̀rọ̀ náà mì.

"Itan?" Màmá fa ìró rẹ̀ bo orúnkún. "Itan ta ni?"

"Ti àwọn obìnrin ọjà Santana."

"Gbogbo wọn?"

"Wọ́n ti pọ̀ jù. Màá ṣa díẹ̀ nínú wọn, pàápàá jù lọ àwọn àgbàlagbà. Tiwọn ló máa ń gùn jù. Màá jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fi fóònù gbà á sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún mi."

"Ṣé yunifásítì mọ̀ sí èyí?"

"Àwọn ló ní kí n ṣe é, Màmá. Àwọn méjì ló ń bójú tó mi níbẹ̀."

"Obìnrin ni wọ́n?"

"Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà ní ẹ̀ka ìtàn..."

"Jésù!"

"...èkejì wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Dandan ni kí n wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì."

"Wọ́n mọ ara wọn?"

"Wọ́n mọ ara wọn, wọn kì í ṣáà kí ara wọn. Ohun tí mo bá ṣe tó dùn mọ́ ti àkọ́kọ́ nínú, èkejì á ní kí n lọ tún un ṣe. Tí mo bá tún un ṣe tán, ti àkọ́kọ́ á máa bínú pé mo ti pa òun tì."

Àánú rẹ̀ ṣe Màmá díẹ̀. "Orogún nìyẹn. Èwo ni ìyálé?"

"Wọn ò tíì fẹnu kò, Màmá."

"Ìyàwó méjì! Nínú yàrá mi kan ṣoṣo yẹn!"

"Mi ò níyàwó kankan! Àpọ́n ni mí!"

"Àpọ̀n rẹ kẹ̀?" Màmá fi apá méjèèjì bo àtẹ. "Àpọ̀n tí mo fi owó ara mi rà ní Santana lánàá!"

Ó dìde, ó ju ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì dojú kọ Ọláyọdé bí adájọ́.

"Jẹ́ kí n tò ó fún ẹ bí mo ṣe gbọ́ ọ. O ti Benin wá sí Benin, ọjọ́ méjì lo fi rìn ín. O gbé ọ̀kẹ́rẹ́ dání. Itan àwọn ìyá ọlọ́jà lò ń wò kiri. O ní ìyàwó méjì tí wọn kì í kí ara wọn. O wá dé ọ̀dọ̀ mi, o ní ìwọ lo ni àpọ̀n mi. Tó bá jẹ́ ìwọ ni mí, ṣé wàá fún ara rẹ ní yàrá?"

Ọláyọdé ro ó dáadáa.

"Rárá, Màmá."

Ó tẹ̀ ba láti gbé báàgì rẹ̀. Ó rántí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ó rántí ẹgbẹ́ obìnrin, ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Àmọ́ Màmá ti kọjú sí ògiri.

"Osaro! Abeg, off that gen! I no dey hear this man well o!"

Ọláyọdé ò gbọ́ èdè yẹn, kò mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀ náà. Ó ti fa èémí sínú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú fin:

"ÌTÀN NI, MÀMÁ! ÌTÀN ÀTIJỌ́!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ewúrẹ́ kan sá kúrò lábẹ́ fèrèsé.

"Kí lò ń pariwo mọ́ mi sí?" ni Màmá wí. "Ṣé adití ni mí? Ìtàn. Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti wá. Ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà níbí."

"Kútọnu! Ọmọ Kútọnu ni ẹ́!"

"Kétu ni..."

"Kútọnu ni."

Ọláyọdé wo báàgì rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo náà.

"Kútọnu ni, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá dé tí o fi pín ara ẹ sí ẹ̀ka méjì? Ṣé ọ̀kan ò tó?"

"Ìtàn ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kan. Ìmọ̀ àwùjọ ń béèrè bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn gbé nísinsìnyí."

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ ni? Ohun tí Osaro sọ sí mi lọ́dún Kérésì ni kò jẹ́ ká máa kí ara wa. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, a ò ní í sọ̀rọ̀ rárá."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó sì nà án sí i. Ọláyọdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ti gboyè tán.

"Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Àwọn obìnrin Yorùbá tó wá fìdí kalẹ̀ sí Benin ni iṣẹ́ mi dá lé, títí kan àwọn ti ọjà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni màá fi bẹ̀rẹ̀."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, ó jókòó ṣánṣán. "Bi mí. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbé ní Benin?"

"Ta ló ń gbé ní Benin? Ará Ìkàrẹ́ ni mí. Ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá ṣe."

"Ìkómọ? Ìgbà wo lẹ wá ń padà?"

"Mo ti dẹrù mi tán lọ́jọ́ kejì, ni òjò bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dá ná."

"Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ti kọ́lé síbí!"

"Ṣé inú òjò ni kí n máa dúró sí?"

"Ọmọ tí ẹ wá kó jáde ńkọ́?"

"Motọ́lání? Ó wà ní New Benin. Ó ti ní ọmọ-ọmọ."

Ọláyọdé wo ìta. Oòrùn ń tàn yanran lórí páànù gbogbo ilé, kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run.

"Màmá, òjò ti dá o."

Màmá yọrùn síta, ó yẹ ojú ọ̀run wò láti igun kan dé èkejì, ó sì padà sídìí àtẹ rẹ̀.

"Ẹ̀yin àlejò lẹ ò mọ òjò Benin. Àwa onílé la mọ̀ ọ́n."