Ààrò Gáàsì Àrímálelọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ọkùnrin náà bó ṣe yẹ. Àrímálelọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá a yan orúkọ. Àrímálelọ, ọkọ dígí. Àrímálelọ, a-ra-àga-má-jẹ̀ẹ́-kí-wọ́n-jókòó.

Ilé rẹ̀ dùn ún wò. Ó tutù. Ilẹ̀ tó ń dán, tó ń tutù. Àga aláwọ tó ń tutù bí ikùn ẹja.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àyà ìyá ò sì dára. Bí òtútù bá ti kan án, ikọ́ ni. Ìyàwó ò fọ̀rọ̀ gùn.

"Bí pálọ̀ yìí ò bá móoru kí òtútù tó wọlé dáadáa, màá gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi."

"Ṣebí ìyá tèmi náà ni. Ààrò gáàsì ni màá rà fún wọn, èyí tí wọ́n ń kọ́ sínú ògiri, tí iná á máa jó lẹ́yìn dígí." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn àlejò á máa bèèrè ibi tí mo ti rí i rà."

Ìyá ò sí nínú gbólóhùn kejì yẹn.

Ààrò dé. Àpótí irin ńlá. Káfíńtà tẹ̀lé e wọlé, ọkùnrin kan tí kì í bá oníbàárà jiyàn. Ìyàwó ṣí ìwé ìlànà tó bá ẹrù wá, ó ń kà á sókè.

"Wọ́n ní irin ni ká fi ṣe férémù tó máa gbé e dúró. Pákó ò gbọdọ̀ kàn án. Ká fi àlàfo sílẹ̀ yí i ká."

"Àlàfo?" Àrímálelọ yíjú sí káfíńtà. "Ṣé o ti rí eyín tó fẹ́ àlàfo rí?"

"Àwọn kan ń fẹ́ ẹ, ọ̀gá. Wọ́n ní ẹwà ni."

"Pákó ni mo fẹ́. Kó máa dán. Kó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ lojú, ọ̀gá."

"Wọ́n tún ní irin kékeré tí wọ́n fi ń ti gáàsì," ni ìyàwó ń kà lọ, "kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o."

"Ìdọ̀tí pupa yẹn? Ó ń ba ojú iṣẹ́ jẹ́. Bò ó."

"Tí a bá wá fẹ́ ti gáàsì ńkọ́, ọ̀gá?"

"Rìmóòtù ń bẹ."

Ìyàwó pa ìwé dé. "Àwọn tó ṣe ààrò yìí ló kọ̀wé o."

"Àwọn ló ṣe é. Èmi ni màá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

Káfíńtà kan pákó, ó gbẹ́ òdòdó sí i lára. Fáníìṣì lórí fáníìṣì. Lókè rẹ̀, fọ́tò onílé, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ.

Káfíńtà ṣì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Àrímálelọ pe àdúgbò. Ó ní kí wọ́n wá bá ìyá yá iná. Àga ìyá ti gbó, ó ń dí ààrò lójú, ọkùnrin náà tì í sẹ́yìn pátápátá, sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni ìyá ti ń yá iná, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀lì méjì lọ́rùn.

"Mò ń gbóòórùn fáníìṣì," ni oníbúrẹ́dì òdìkejì títì wí.

"Òórùn ohun tuntun ni. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n."

Ó tẹ rìmóòtù. Iná là lẹ́yìn dígí. Ó rẹwà, ká má purọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó gùn. Ó ti dé orí àwọn tí kò ní ojú ọnà nígbà tí fáníìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ. Etí pákó dúdú. Èéfín. Lókè, fọ́tò ń ká kò, àgbọ̀n ló kọ́kọ́ lọ.

"Ọ̀gá ilé," ni oníbúrẹ́dì wí jẹ́jẹ́, "ojú yín ti ń wó."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyàwó ti gbá a mú. "Ẹ pa á."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń gbọ́ràn sí rìmóòtù wà lẹ́yìn pákó kan náà, ooru ti jẹ ẹ́.

"Irin tí wọ́n fi ń ti gáàsì dà?" ni ìyàwó bèèrè.

Gbogbo ojú lọ sára káfíńtà. Káfíńtà nàka sí òdòdó tó dára jù lọ. "Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn ni. Ẹ ní kí n bò ó, ọ̀gá." Ó gbé òòlù rẹ̀ fún onílé, ó sì bá àwọn tó kù jáde sí títì.

Ìta ni wọ́n wà tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Gbà. Gbà. Òdòdó ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Àrímálelọ yọ, ó ti ti gáàsì pa, èédú ti kun iwájú orí rẹ̀, ìdajì ìrùngbọ̀n rẹ̀ ti jóná.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká padà wọlé. Torí yín ni mo ṣe ṣe é."

Ìyá wò ó láti inú kóòtù tí oníbúrẹ́dì fi bò ó. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ọkọ ọmọ mi, níbi tí o gbé àga mi sí, ta ló ń yá iná yẹn?"

Ó nu èédú iwájú orí rẹ̀.

Ìyàwó ti ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kó máa tẹ́ ibùsùn ìyá. Oníbúrẹ́dì mú ìyá lọ́wọ́, ó ní kó wá jókòó ti ààrò búrẹ́dì títí ọkọ̀ á fi dé. Àwọn àlejò tẹ̀lé wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba iwájú onílé kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹrí ba díẹ̀, wọ́n kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó pe èèyàn wá jẹ̀gbádùn.

"Ẹ kú ìnáwó, ọ̀gá."

"Ẹ kú ìnáwó o."

Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o."