Efinrin Tó Kọ Ìyá Aránṣọ Sílẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí wọ́n bá rò ó fún mi, màá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi kòrókòró. Ẹ̀yìn Baálẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn fáànù ti ń dé.

Olùpẹ̀jọ́ ni Ìyá Aránṣọ, opó tó ń gbé yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Olùjẹ́jọ́ ni onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé kan náà. Má-Kan-Etí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń jà sí kalẹ̀: efinrin kan nínú ike ọ̀dà, ewé rẹ̀ tutù mìnìjọ̀jọ̀, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán.

"Ìyá, kí lọkùnrin yìí fi ṣe yín?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Kábíyèsí, ó ti fa ojú ọmọ mi mọ́ra, ọmọ náà ò gbọ́ tèmi mọ́."

"Ọmọ wo?"

"Efinrin yìí ni, Kábíyèsí. Èmi ni mo gbìn ín láti kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Láràárọ̀, kí n tó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, mo máa ń tọ́ ọ sọ́nà."

"Báwo lẹ ṣe ń tọ́ efinrin sọ́nà?"

"Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ náà ni. Màá ní, 'Ìwọ, wo efinrin ìyàwó onílé lẹ́yìnkùlé. Ìta gbangba ló wà, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ ó ti ga dé àyà. Ìwọ tí o wà lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n ń bu omi fún, o ò tíì ga ju kókósẹ̀ lọ. Ṣé orí méjì lòun ní ni?'"

Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí. Kò sẹ́ni tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ dàgbà nínú wọn.

"Ṣé ó wá ń ga?"

"Kò ga, Kábíyèsí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ, tí mo lọ kí i, mo gbé efinrin fún ọkùnrin yìí pé kó máa bá mi bomi rin ín. Omi nìkan ni mo ní kó bù sí i o! Kí n tó dé, ó ti ga dé ìbàdí. Mo gbé e padà sókè, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo bá a wí, ó tún rọ sí i. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti nàró gangan!"

Baálẹ̀ yíjú sí onígbàjámọ̀. "Kí lo fún efinrin eléfinrin jẹ?"

Má-Kan-Etí dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ o. Mi ò fún un ní nǹkan kan. Mo kàn ń yìn ín ni."

"O ń kí ni?"

"Mo ń yìn ín. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá ní, 'Efinrin, adúmáadán, arẹwà tí kì í kun atíkè, ìwọ lo lé ẹ̀fọn lọ.' Bí mo bá gé irun oníbàárà tán, tí mo gbé dígí fún un kó wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, màá gbé e fún efinrin náà kó wo tirẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Ìyá Aránṣọ figbe ta. "Ta ní í yin ọmọ lójú ara rẹ̀? Ó ti bà á jẹ́ fún mi!"

"Ìyá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi mí wé efinrin ẹlòmíì láràárọ̀, èmi náà á ká ewé mi nílẹ̀."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ìyàwó onílé ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ọkùnrin yìí ń pe efinrin ní 'ìyàwó mi'."

"Irọ́ ni," kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "'Ẹ̀gbọ́n mi' ló ń pè é."

"Ọ̀gá mi ni mo pè é," Má-Kan-Etí fúnra rẹ̀ sọ.

Baálẹ̀ di orí mú. "Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá. Ewé kan ṣoṣo! Kápẹ́ńtà, kí lo tún mọ̀?"

"Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó gbé efinrin yìí. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo rí i."

"Irú ẹsẹ̀ wo ló ní?"

"Ẹsẹ̀ obìnrin ni, ó wọ sálúbàtà."

"Ta ló ni sálúbàtà?"

Kápẹ́ńtà wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ. "Ó jọ tiwọn. Ewé ni ò jẹ́ kí n rí ojú ẹni tó gbé e."

Bàbá olùkọ́ tó wà nínú ìgbìmọ̀ nàka. Bàbá yìí máa ń ṣe jù. Bí ẹjọ́ bá ti ń dùn báyìí, á ní òun mọ ìdí rẹ̀.

"Kábíyèsí, oòrùn àárọ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì kì í kúrò lójú fèrèsé Ìyá Aránṣọ, kí aṣọ oníbàárà má baà ṣá. Efinrin ò sì lè ṣe kó má rí oòrùn. Ó dà bíi pé oòrùn ló…"

"Ṣé oòrùn ń gbé inú ilé yẹn?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ṣé ẹnikẹ́ni pè é lẹ́jọ́?"

"Rárá o."

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Baálẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike ọ̀dà. "Efinrin, nínú àwọn méjèèjì, ta lo fẹ́?"

Ewé tẹ̀ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ariwo sọ.

"Fáànù ni!" Ìyá Aránṣọ nàka sókè. "Fáànù ló tì í! Ẹ̀rí èké!"

Wọ́n pa fáànù, ooru sì bò mí, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹjọ́ náà. Baálẹ̀ tún bèèrè. Efinrin ò mira.

"Ó ń rò ó," onígbàjámọ̀ sọ.

Ó ti wá sú Baálẹ̀. "Ìyá, ẹ gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀, ẹ fi sínú omi títí á fi ta gbòǹgbò, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú ike mìíràn. Kí la wá ń jà sí?"

Ìyá Aránṣọ bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ń wé e mọ́ ìka.

"Kábíyèsí, ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́ nínú yàrá yẹn. Gbogbo wọn ti lọ sílé wọn. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù tí mo fẹ́ bá wọn wí, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Efinrin yìí nìkan ló kù tí mo lè la ẹnu bá wí láàárọ̀. Látìgbà tó ti lọ, mi kì í sọ̀rọ̀ títí oníbàárà á fi dé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Efinrin ò jẹ̀bi. Ibi tí wọ́n bá ti ń yin èèyàn lèèyàn ń gbé. Kó dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ìwọ Má-Kan-Etí, o jẹ̀bi. O gba ẹni tí ìyá yìí ń bá wí lọ́wọ́ wọn, ìbáwí wọn ò sì gbọdọ̀ ṣòfò. Láràárọ̀, kó o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, wàá gòkè lọ, wàá dúró sójú fèrèsé níbi tí efinrin wà tẹ́lẹ̀, wọn á sì bá ọ wí. O ò gbọdọ̀ fèsì. O ò sì gbọdọ̀ mira, àfi bí atẹ́gùn bá fẹ́."

"Kábíyèsí! Kí ni mo ṣe tí wọ́n á máa torí ẹ̀ bá mi wí?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Wọ́n á rí i."

Ìyá Aránṣọ ti ń wò ó látòkè délẹ̀. "Kábíyèsí, ṣé ọ̀la ni kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí báyìí?"

"Báyìí."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, dúró dáadáa! Wo bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, ó ti já tán, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà lo wà pẹ̀lú aránṣọ. Kí lo jẹ láàárọ̀? Tíì lásán, àbí? Ìgbà wo lo lọ wo ìyá ẹ gbẹ̀yìn?"

Má-Kan-Etí so ọwọ́ rọ̀, kò mira. Kí ìyá tó dé orí ọ̀rọ̀ ìyàwó tí kò tíì fẹ́, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ìjókòó tú, ó sáré lé e bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ ò tíì parí ti bọ́tìnì."

"Mo mọ̀. Mú ṣẹ́ẹ̀tì náà dání lọ́la. Kó o sì jẹun kó o tó gòkè wá o, torí ọ̀rọ̀ mi pọ̀."