Alàájì Fẹ́ Fi Kálímọ̀ Pa Ẹnu Dé

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn àdúgbò Banifandou ní Niamey ń mú bí ẹni ń gbẹ̀san, Alàájì Sàláúdéènì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta áńkárá ní ọjà Grand Marché, tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dongoyárò inú ọgbà rẹ̀, ó nà gbalaja, ó ní ikú dé. Àìsàn tó fẹ́ pa á kò ju òsúkè lọ. Dàmbú tí Hàdìzà ń tà lẹ́nu ọ̀nà ló rà jẹ lánàá, ó kánjú gbé e mì, òsúkè sì mú un títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Àbẹ̀ẹ́bí ni oríkì tí ìyá obìnrin yìí fún un, Àbẹ̀ẹ́bí náà sì ni Alàájì ń pè é nígbà tó ń wá ojúure rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Tóyìb ló ti di Ìyá Tóyìb, Tóyìb náà sì ti bímọ. Kò gbà pé òsúkè lè pa ènìyàn. Síbẹ̀, a kì í mọ̀. Ó ń fẹ́ kí ọkọ òun pe òun ní Àbẹ̀ẹ́bí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ.

“Ìyá Tóyìb, híkì! Àsìkò ti tó.”

“Àsìkò kí ni, Alàájì? Wọn ò tíì pe ìrun.”

“Àsìkò ikú ni mò ń wí. Òsúkè ló ṣe bàbá mi kó tó kú.”

“Orí igi mángòrò ni bàbá yín ti já bọ́.”

“Òsúkè ló ń ṣe é lórí igi náà! Híkì!”

“Ẹ mu omi.”

“Mo ti mu omi títí, ó kù díẹ̀ kí Odò Ọya gbẹ.”

“Ẹ jẹ́ ká wọ táásì, ká lọ rí dókítà.”

“Ọ̀rọ̀ ti kọjá dókítà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló kù. Àfáà Ìdrìsù wàásù ní Jímọ̀ pé ẹni tí kálímọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé, àlùjánnà ni ilé rẹ̀. Màá ṣe kálímọ̀ báyìí, màá pa ẹnu dé, n ò sì ní là á mọ́ títí màá fi kú.”

“Ẹ̀yin? Kí ẹ̀yin pa ẹnu dé?”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé o rántí bàbá Tàjùdéèn, tí ìsọ̀ wọn kángun sí tiwa? Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni, ‘Ẹ bá mi pa fáànù.’ Wọ́n sọ ọ́ níbi fìdáù rẹ̀, àwọn àgbààgbà ń fi fìlà bo ẹ̀rín. Títí dòní, Ọmọ Ẹ-bá-mi-pa-fáànù ni gbogbo ọjà ń pe Tàjùdéèn. Híkì! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe máa pe Tóyìb?”

“Ó dáa. Kí ẹ tó ṣe kálímọ̀, kí lẹ fẹ́ bá èmi sọ?”

“Ìwọ kẹ̀?” Alàájì ronú, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Máa ti ilẹ̀kùn dáadáa.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Àti fèrèsé.”

Kí obìnrin náà tó rí èsì fọ̀, Alàájì ti na ìka sókè. Ó ṣe kálímọ̀ pẹ̀lú ohùn tó dùn, ó jẹ́rìí pé kò sí ọba mìíràn àfi Ọlọ́run, ó pa ẹnu dé pinpin, ó di ojú. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ kan yọ orí wọlé.

“Alàájì, ewúrẹ́ àwọn Ousmane aládùúgbò wa ti dé o.”

Alàájì kò mira.

“Fìlà tí ẹ rà bọ̀ láti Mẹ́kà ló ń gbóòórùn yẹn.”

Ojú kan là.

“Ó ti gbé e sẹ́nu.”

“Lé e! Lé ewúrẹ́ burúkú yẹn! Híkì!”

Àbẹ̀ẹ́bí lé ewúrẹ́, ó gbọn fìlà, ó padà jókòó. “Bí ẹ bá kú báyìí, ohun tí a máa sọ ní fìdáù ni, ‘Lé ewúrẹ́ burúkú yẹn.’”

“Àsìtàgífírúlọ̀ọ̀!” Alàájì tún ṣe kálímọ̀, ó tún pa ẹnu dé.

“Mò ń rò ó pé ẹ̀wà yìí ni n óò sè fún àwọn tó bá wá kí wa. N óò da ṣúgà sí i.”

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Alàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò.

“N ò ní fi ata kankan sí i.”

“Ẹ̀wà aláìláta níbi òkú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Rodo ni kí o fi sí i! Kí ó pọ̀! Híkì!”

“‘Rodo ni kí o fi sí i.’ Tóyìb Rodo. Ó tilẹ̀ yá lẹ́nu ju ti Tàjùdéèn lọ.”

Alàájì fi ọwọ́ lu ẹní. “Ìyá Tóyìb, bẹ̀rù Ọlọ́run! O ń fà mí lẹ́wù sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà àlùjánnà!”

Ẹ̀rín kúrò lójú Àbẹ̀ẹ́bí. “Mo mọ̀ pé kálímọ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Àlùjánnà yín ò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, lágbára Ọlọ́run. Ohun kan péré ni mo ń fẹ́. Kí a tó bí Tóyìb, kí lẹ ń pè mí?”

Alàájì la ẹnu láti dáhùn. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù bà á lójijì, kí ikú má lọ ká orúkọ obìnrin mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sáré ṣe kálímọ̀, ó pa ẹnu dé.

“Àbí ẹ ti gbàgbé?”

Alàájì mi orí pé rárá.

“Ẹ rántí?”

Ó gbé orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ pè é kí n gbọ́.”

Alàájì na ìka sí ọ̀run.

Ó dun Àbẹ̀ẹ́bí gan-an ni. Ó dùn ún débi pé ó ń da ẹ̀wà nù, ó ń tọ́jú òkúta. Ìgbà tó rí ohun tó ń ṣe, ó dáwọ́ dúró, ó sì tún ìbòrí rẹ̀ wé.

“Kò burú,” ó ní. “Ẹni tó ń pè é kò wọ́n. Lánàá, ní Petit Marché, Tàjùdéèn rí mi lókèèrè, ó ké sí mi pé, ‘Àbẹ̀ẹ́bí, ẹ kú ọjà o!’”

Alàájì fò dìde, ẹní lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Tàjùdéèn wo?”

“Tàjùdéèn tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiyín.”

“Ọmọ Ẹ-bá-mi-pa-fáànù? Ta ló yọ̀ǹda Àbẹ̀ẹ́bí mi fún un? Èmi tí ìyá rẹ fi omi ìfọbọ́ lé nílé nítorí Àbẹ̀ẹ́bí! Tí mo tún padà lọ pẹ̀lú agbádá tútù nítorí Àbẹ̀ẹ́bí! Tí mo gbé e gun ọkọ̀ akẹ́rù wọ ìlú Niamey, tí mo fi ara ṣíji bò ó kí yanrìn má bàa wọ̀ ọ́ lójú! Àbẹ̀ẹ́bí! Àbẹ̀ẹ́bí! Èmi ni mo ni Àbẹ̀ẹ́bí!”

Ó dúró láti mí.

“Alàájì.”

“Kí ni?”

“Òsúkè dà?”

Alàájì gbé ọwọ́ lé àyà, ó retí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò. Kò sí nǹkan kan. “Ó ti lọ.” Ojú rẹ̀ tún le. “Tàjùdéèn ọ̀hún dà?”

“Ìbínú ti mú yín gbàgbé pé Tàjùdéèn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà Iléyá. Kò tíì dé.”

“O purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ?”

“Mo purọ́ fún ẹni tí òsúkè ń ṣe.”

Ẹ̀rín mú Alàájì, ó padà jókòó. “Àbẹ̀ẹ́bí,” ó tún pè é, wẹ́rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, láìbínú. Inú obìnrin náà dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú ẹ̀wà. “Lọ́jọ́ tí ikú bá dé ní tòótọ́, orúkọ yìí ni n óò pè kẹ́yìn.”

“Ẹ má dán an wò! Ẹ pè mí ṣáájú, kí ẹ fi kálímọ̀ parí. Bí ẹ bá pè mí kẹ́yìn, màá jẹ́ yín. Bí mo bá sì ti jẹ́ yín, ọ̀rọ̀ ò ní tán mọ́. Ikú á dúró dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sú u, á bá tirẹ̀ lọ.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ẹ́bí rín in títí, èémí há a.

“Híkì!”

Alàájì di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Áà! Àbẹ̀ẹ́bí, má tíì ṣe kálímọ̀ o! Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, o ní ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Pe Sàláú lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́!”

Àbẹ̀ẹ́bí tún ìjókòó ṣe. Ó ka kálímọ̀ jẹ́jẹ́, ó pa ẹnu dé, ó na ìka sí ọ̀run.

“O ò ní pè é?”

Òsúkè gbọ̀n ọ́n léjìká. Ìka wà lókè síbẹ̀.

Alàájì wo fìlà, ó wo ẹ̀wà, ó wá wo ẹnu ọ̀nà.

“Kò burú. Ẹni tó ń pè é kò wọ́n. Lánàá tí Hàdìzà ń bu dàmbú fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èdè wọn kí mi pé, ‘Fofo, Sàláú mi.’”

“Hàdìzà wo?”