Ìrù Ọmọ Tí A Ò Tíì Bí

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Yàrá wa ní Ẹ̀gbẹ́dá la wà: èmi, Ṣadé ìyàwó mi tó ti di olóògbé báyìí, ìyá rẹ̀, àti Bàbá Rísì, télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì. Ṣadé lóyún àkọ́bí wa, kò tíì pé oṣù méjì. Ìyá rẹ̀ wá láti Baruwa láti gbàdúrà fún un.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹyin kan tó gba àtọ̀ á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí orí àti ẹ̀yìn á fi yọ. Ó ní ẹja, adìyẹ, ènìyàn, ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra.

Màmá ní, "Orí, ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ á pé."

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ ní, "Àmín, Mà. Ó tún ní ìrù báyìí."

"Kí lo sọ?"

"Ìrù, Mà. Gbogbo wa la ní in."

Bàbá Rísì ní, "Tẹ́ ẹ bá bí i, ẹ tètè sọ fún mi jàre, kí n dá ihò sẹ́yìn ṣòkòtò ẹ̀."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ Ṣadé, sọ pé irọ́ lo pa."

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya ìbẹ̀rẹ̀ àwọn mẹ́ta sára ilẹ̀kùn: ẹja, adìyẹ, ènìyàn. Gbogbo wọn dà bí ẹ̀wà tó ń hù.

"Èwo lọmọ ọmọ mi níbẹ̀?"

Mo wò ó títí. Èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo fọwọ́ kan ti àárín.

Ṣadé rọra ní, "Adìyẹ lẹ pe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan."

Ni Màmá bá dìde. "Ṣadé, gbé báàgì ẹ. Ọjọ́ tó bá gbà pé irọ́ lòun pa, kó wá mú ẹ."

Wọ́n lọ. Bàbá Rísì bẹ̀ mí, "Ẹ ṣáà ní irọ́ ni, kíyàwó yín lè padà." Mo kọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ nǹkan kan láyé. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, mi ò ní sọ ọ́ nù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Baruwa, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá.

"Irọ́ ni, àbí?"

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ìrù wà níbẹ̀."

Ṣadé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé tòun tìrù náà la máa bí i ni?"

"Rárá o. Ara á gbà á padà kó tó pé oṣù mẹ́ta."

Màmá tẹjú mọ́ mi. "O ò ṣe sọ ìyẹn lánàá?"

"Ẹ ò bi mí, Mà."

Ṣadé lọ gbé báàgì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó yáa parí ẹ̀. Mo ṣì máa ń dá rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nígbà tá a délé, Ṣadé ló fi èyí tó jẹ́ ọmọ wa hàn mí lára ilẹ̀kùn. Mo nu méjì yòókù. Mo fi tiwa sílẹ̀, tòun tìrù.